Àléébù Kan Ṣoṣo

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni màlúù tó ń jẹ akẹtẹ̀ mi yìí?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé akẹtẹ̀ sílẹ̀ sórí òkìtì yanrìn?"

"Ṣé orí òkìtì yanrìn ló yẹ kí màlúù ti máa jẹun ni?"

"Ṣé orí òkìtì yanrìn ló yẹ kí akẹtẹ̀ máa gbé?"

"Ǹjẹ́ ẹ mọ iye ọjọ́ tí bàbá mi fi hun ún?"

"Ǹjẹ́ ẹ mọ iye ọjọ́ tó máa lò nínú ikùn rẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Darandaran náà wá wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ dáadáa. Obìnrin gíga ni. Erùpẹ̀ pupa kún ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, okùn ìwọ̀n rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì di etí akẹtẹ̀ tó ṣẹ́ kù mú bí ẹni tí eku já ìrù sílẹ̀ fún. Bíríkìlà ni darandaran ránṣẹ́ pè láti ìlú. Kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún un pé ẹyinjú bíríkìlà náà máa ń tàn bí omi òwúrọ̀.

"Mo rò pé ọkùnrin ni wọ́n máa rán wá," ni ó wí, ó sì kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà kó tó tán lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi náà rò pé èèyàn ló máa wá pàdé mi," ni obìnrin náà fèsì. "Màlúù ni mo bá."

Ní gbogbo agbègbè náà, Kòsíláburú ni wọ́n ń pe darandaran yìí. Bí ọ̀dá bá jó koríko rẹ̀, yóò ní kò sí láburú. Bí aládùúgbò bá yá ọkọ́ rẹ̀ tí ó sì dá a padà láìní èèkù, kò sí láburú náà ni. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni àwọn èèyàn pè é. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé egbò àtijọ́ ni. Ẹnu bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé mú ju abẹ lọ. Omi tí wọ́n bá bù fún un yóò tutù jù tàbí kí ó gbóná jù. Okùn tí wọ́n bá so yóò le jù tàbí kí ó dẹ̀ jù. Nígbà tó di ọjọ́ kan, bàbá náà bú ẹ̀gbọ́n Kòsíláburú nítorí ilẹ̀kùn ọgbà ẹran tí ó kàn. Ẹ̀gbọ́n gbé àpótí rẹ̀ lé orí, ó lọ, kò sì wẹ̀yìn mọ́ títí di òní olónìí. Ọjọ́ náà ni àbúrò búra pé òun kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni láé.

Ikán ti jẹ ilé tí bàbá fi sílẹ̀ tán. Nínú àgọ́ onípákó kan ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ìdí nìyẹn tí ó fi ránṣẹ́ pe bíríkìlà.

Bíríkìlà kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó ta okùn yí wọn ká, ó sì fà á títí ó fi le. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Ibí ńkọ́? Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ilẹ̀ tí ó yàn náà tẹ́jú, ó sì ní ohun tó mú un tẹ́jú. Pátákò ẹsẹ̀ màlúù ló ti tẹ̀ ẹ́ láti ọdún gbọọrọ. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n ń fún wàrà wọn nílé, pápá òkè ni agbo ẹran máa ń wà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ilẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n sì máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀. Kòsíláburú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá rí i bí bíríkìlà ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn imú, bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn sí okùn tó gún, ẹnu náà sì padé.

"Kò sí láburú," ló wí.

Ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, Kòsíláburú á ti fún wàrà, á ti gbá ìgbẹ́ ẹran, á ti bu omi kún ọpọ́n ìmumi wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò di lébìrà. Yóò ru yanrìn, yóò po sìmẹ́ńtì, yóò máa gbé bíríkì lé bíríkìlà lọ́wọ́ ní méjì méjì. Ìyá á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí abẹ́ igi, á máa wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ń ṣe eré fún.

"Ohun tí ẹ pò yìí ti ṣàn jù. Ṣé ẹ fẹ́ kí n mu ún ni?"

"Tí ẹ bá ní kí n fi ṣúgà sí i, màá fi sí i."

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ṣé ẹ kì í jiyàn ni?"

"Tí ẹ bá ní kí n máa jiyàn, màá bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"Ìyàwó, má dá a lóhùn," ni Ìyá sọ láti abẹ́ igi. "Bó ṣe máa ń tan àwọn màlúù títí wọ́n á fi dúró jẹ́ẹ́ náà nìyẹn."

"Ìyá, ìyàwó ta ni?"

"Ṣé mo dárúkọ ẹnì kan ni? Mọ bíríkì rẹ lọ."

Nígbà tí ògiri fi ga dé orúnkún, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí ó yí padà. Bíríkìlà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ojú kan láti wo bí ògiri bá gún. Òun náà kọ́ bíríkìlà bí wọ́n ṣe ń fún wàrà.

"Rọra. Ọmú ni, kì í ṣe bíríkì."

"Ṣé báyìí?" ni bíríkìlà bi í, ó sì yí ọmú màlúù sí i, wàrà gbígbóná já wọ ọ́ létí ṣìnrá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ògiri dé ojú fèrèsé, àwọn méjèèjì ń fọ ọwọ́ nínú garawa kan náà. Omi náà kéré, ìka ń kan ìka.

"Bíríkìlà mi," ni Kòsíláburú wí, "tí ilé yìí bá parí, ṣé wàá bá mi gbé inú rẹ̀?"

Bíríkìlà kò gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n ó di ìka kan mú lábẹ́ omi, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. "Jẹ́ kí ògiri kọ́kọ́ ga ju orí mi lọ ná," ló wí.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì. Arúgbó abo màlúù tó ń ṣíwájú agbo ló kọ́kọ́ yọ lórí òkè, ogójì ẹran sì tò tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ gbà ni ó ń gbà. Kò rí ìdí tí òun yóò fi yà nítorí bíríkì. Bíríkìlà sáré dúró níwájú ògiri, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ dá odò dúró. Kòsíláburú ló fa á kúrò. Àwọn ẹran gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí àlejò tó mọ ilé, wọ́n sì gba ara ògiri ẹ̀yìn, tí kò tíì gbẹ, jáde lọ síbi omi. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ga ju kókósẹ̀ lọ.

Ariwo pátákò rọlẹ̀.

"Ọ̀nà wọn ni," ni Kòsíláburú wí jẹ́jẹ́.

"Ọ̀nà ta ni?"

"Ti àwọn màlúù. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà wálé."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ayé bàbá mi."

"O sì mọ̀, lọ́jọ́ tí mo kan èèkàn? Mo bi ọ́ bí ibẹ̀ bá tẹ́ ọ lọ́rùn. Kí lo sọ?"

"Mi ò fẹ́ kí inú rẹ bàjẹ́."

"Inú mi wá ń dùn báyìí, àbí?" Bíríkìlà tẹ̀ ba, ó mú ìdajì bíríkì kan, ó wò ó, ó sì gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ọmọ sùn. "Ẹni tó rí mi tí mo ń ṣìnà, tó dákẹ́, tó kàn ń wo ojú mi, ojú mi ló fẹ́ràn. Kò fẹ́ràn èmi. Iṣẹ́ yìí ni èmi."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sì gun ún lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Kòsíláburú fi ń rìn yí àwókù náà ká. Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá fi ọ̀pá dá a dúró.

"Bàbá rẹ fi ọ̀rọ̀ lé ọmọ lọ. Ìwọ fi àìsọ̀rọ̀ lé ìyàwó lọ. Èwo ló sàn nínú yín?"

Ó wọ bàtà, ó forí lé ìlú.

Bàbá bíríkìlà ni ó bá ní àgbàlá, tó ń fi òòlù na ìṣó tó ti wọ́. Bíríkìlà ni òun náà kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bàbá Gúnrégé ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí ògiri rẹ̀ kan tó wọ́ rí.

"Ìwọ lo fi màlúù wó ògiri ọmọ mi?"

"Èmi ni, bàbá."

"Mo gbọ́ pé wọ́n tún jẹ akẹtẹ̀ tí mo hun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ṣé wọ́n wà lẹ́yìn rẹ ni, kí n yáa wọlé?"

Bíríkìlà yọ sí ẹnu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò padà wọlé.

"Mo wá tọrọ àforíjì," ni Kòsíláburú wí. "Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni bíríkìlà wí. "Iṣẹ́ tí a kò parí kò sí nílé wa, nítorí náà màá wá kọ́ ilé yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí o bi mí nídìí garawa, mi ò ní dáhùn rẹ̀ àfi tí ìwọ náà bá dáhùn tèmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ni màá máa bi ọ́ pé, àléébù wo lo rí lára iṣẹ́ mi? Tí òrùlé bá bo ilé tí o kò tíì rí nǹkan kan sọ, màá di ẹrù mi, màá lọ síbi iṣẹ́ mìíràn."

"Tí kò bá sí àléébù ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ọmọ aráyé ni. Ó gbọ́dọ̀ wà."

"Ọmọ mi, rọra o," ni Bàbá Gúnrégé wí, ó tún mú ìṣó mìíràn. "Darandaran ni, kì í ṣe adájọ́."

Wọ́n yan ibòmíràn, lórí ilẹ̀ gíga tó wà lókè ọgbà ẹran, níbi tí ẹran kankan kì í gbà kọjá. Òjò ń rọ̀, koríko ń yọ, ògiri náà ń ga. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, bí bíríkìlà bá ti fọ ṣíbí ìkọ́lé rẹ̀ tán, á kọjú sí i.

"Àléébù?"

"Mi ò rí."

"Ó dọ̀la nìyẹn."

Ó gbìyànjú. Ní ọjọ́ kan, ó ní bíríkì kẹta láti ìsàlẹ̀ pupa ju àwọn yòókù lọ. "Iná ló pa á láró, kì í ṣe èmi," ni bíríkìlà wí. "Irọ́ lo pa." Ní ọjọ́ mìíràn, ó ní ẹnu ọ̀nà ga jù.

"Ìwọ tó ń forí gbá ti àgọ́ yín láràárọ̀?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò sí nínú ọ̀ràn òkúta. Àtẹ̀gùn tí bíríkìlà ṣe síwájú ilé ga jù díẹ̀ fún orúnkún Ìyá. Kòsíláburú rí i. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé e mì. Nígbà tí bíríkìlà lọ fún wàrà, ó yí òkúta pẹlẹbẹ kan wá, ó rì í mọ́lẹ̀ níwájú àtẹ̀gùn náà.

"Ta ló gbé òkúta síbí?"

"Èmi ni. Mo kàn rò pé Ìyá..."

"O rí i, o kò sì sọ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò le, ó rẹ̀ ẹ́ ni. "O fẹ́ kí n gbé ilé tí wọ́n á ti máa ri òkúta sílẹ̀ lẹ́yìn mi títí ayé?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ìyẹn ló dun Kòsíláburú jù.

Ọjọ́ tí wọ́n kan páànù ìkẹyìn mọ́ òrùlé, Bàbá Gúnrégé fi ọ̀pá rìn wá wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó wo ìta, ó wo inú, títí ó fi dé yàrá. Ògiri tó kọjú sí ọgbà ẹran nìkan ni bíríkìlà kò fi fèrèsé sí, kí òórùn àti ariwo má baà da ẹni tó sùn láàmú. Ó mọ ọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìsí alàfo, ó sì rẹ́ ẹ títí ó fi dán. Bàbá sọ okùn ìwọ̀n kalẹ̀ lára rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á.

"Ogójì ọdún ni mo fi mọlé," ló wí. "Mi ò mọ irú èyí rí."

Bíríkìlà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omijé wà níbẹ̀, ìdùnnú ni. Lẹ́yìn náà ni ó jáde lọ di irinṣẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́.

Kòsíláburú dúró sínú yàrá náà nìkan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri tó dára jù yẹn. Kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bò ó bí aṣọ. Kò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ kí ọ̀pá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà.

"Ṣé o ti kú síbẹ̀ ni?" Ìyá ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Abo ẹran ń rọbí! Ó ti ń ké láti ọjọ́ yìí, mo rò pé ò ń bọ̀ ni!"

Ó sáré débẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ti yọ, èkejì há sínú. Ó ki ọwọ́ wọlé dé ìgúnpá, ó wá a rí, ó tò ó, ó sì fà á pẹ̀lú ìrora ìyá ẹran. Ọmọ màlúù náà jábọ́ sórí koríko láìmira. Ó fi koríko nù ún nímú, ó fọwọ́ ra á láyà, ó ń bẹ̀ ẹ́, títí ó fi sín. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, tìyátọmọ ni ì bá lọ.

Kòsíláburú dìde, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Àti bàbá àti ọmọ ti sáré wá sí ibi ọgbà. Bíríkìlà ṣì di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Kòsíláburú wo òkè, ó rí ẹ̀yìn ògiri náà, tó ń dán nínú oòrùn.

"Bíríkìlà," ló wí. "Ògiri yẹn ní àléébù."

Bàbá Gúnrégé yí orí. "Èwo?"

"Èyí tí ẹ yìn, bàbá. Ó gún, ó dán, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n adití ni." Ó na ìka ẹlẹ́jẹ̀ sí ògiri náà. "Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹran mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, mi ò gbọ́ ohunkóhun. Ilé darandaran gbọ́dọ̀ ní etí. Tó bá wà báyìí, inú àgọ́ ni màá máa sùn nígbàkígbà tí ẹran bá fẹ́ bímọ, ìwọ á sì máa dá sùn níbẹ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. O ní láti dá a lu. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni fèrèsé gbọ́dọ̀ wà."

Kòsíláburú ń retí kí bíríkìlà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti rí irú rẹ̀ rí, ó mọ bí ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó gun òkè lọ, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

"Ṣé o mọ ohun tí o ṣe?" ni Bàbá Gúnrégé bi í.

"Mo mọ̀, bàbá."

"Ṣé wàá kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ?"

"Rárá, bàbá."

Àgbàlagbà náà họ irùngbọ̀n rẹ̀. "Èmi bàbá rẹ̀ gan-an, mi ò ní lè sọ ọ́."

Ọmọ màlúù náà gbìyànjú láti dìde, ó ṣubú, ó ké. Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. Ilẹ̀kùn òkè ṣí. Bíríkìlà jáde, òòlù tí wọ́n fi kan òrùlé wà ní ọwọ́ kan, èédú wà ní ìkejì.

"Àwọn ẹran ké?"

"Wọ́n ké," ni Ìyá wí.

"Ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀ mi?"

"A sọ ọ́ dáadáa."

"Mi ò gbọ́ ẹyọ kan." Ó kọjú sí ògiri, ó sì fi èédú fa ìlà mẹ́rin sí ara rẹ̀. Kòsíláburú ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé ó fẹ̀ tó?"

"Ó kéré."

Bàbá Gúnrégé wúkọ́. Bíríkìlà pa ìlà kan rẹ́, ó sún un síwájú. "Báyìí ńkọ́?"

"Fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kún un. Kó sì wálẹ̀ díẹ̀; ó ga jù."

"Háà! Ọkùnrin yìí, ẹnu rẹ ti là tán!"

Ṣùgbọ́n ó sún un wálẹ̀. Ó fi irin ẹlẹ́nu mímú ti ojú ìlà náà, ó gbé òòlù sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lókè fún ìgbà díẹ̀. Ògiri tí bàbá rẹ̀ kò mọ irú rẹ̀ rí ni. Lẹ́yìn náà ni ó gbá a. Àwọn méjèèjì gba òòlù lọ́wọ́ ara wọn títí ìmọ́lẹ̀ fi wọ yàrá, tí igbe ọmọ màlúù sì tẹ̀ lé e wọlé.

"Mo ti dáhùn tìẹ," ni Kòsíláburú wí, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. "Tèmi ńkọ́? Ṣé wàá bá mi gbé inú rẹ̀?"

Bíríkìlà gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì fi ìka nu eruku kúrò lójú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni màá máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."